Ẹni tí Ó Kó Wọn Lọ, tí Ó sì Kó Wọn Bọ̀: Ọ̀rọ̀ lórí Àwọn Aṣíwájú Ìrìn-àjò Ọkọ̀ Àjẹ̀ fún Ọ̀dọ́

  

1. Ìfáárà

Nígbà tí àkọlé ọ̀rọ̀ yìí jáde lára pátákó, ẹlẹgbẹ́ mi kan bi mí léèrè bóyá mo ti fi lítíréṣọ̀ sílẹ̀ lọ sí ẹ̀ka eré ìdárayá. Mo dá a lóhùn pé n kò kúrò nídìí lítíréṣọ̀ rárá. Ìbéèrè lítíréṣọ̀ ni mo gbé wá, ọ̀kan ṣoṣo sì ni: báwo ni a ṣe lè sọ ìtàn akọni kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ohunkóhun má ṣẹlẹ̀?

Gbogbo ẹni tí ó bá ń kọ́ni ní ìtàn àròsọ mọ̀ pé inú wàhálà ni ìtàn ti ń yọ. Ọdẹ tí ó wọ igbó, tí kò pàdé iwin, tí kò bá ẹranko jà, tí ó sì padà sílé wá jẹun alẹ́, kò sí ẹni tí yóò fi í kọ ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni mo mọ àwọn ènìyàn kan tí wọ́n ń kó ọmọ ọlọ́mọ wọ aginjù lọ́dọọdún, tí ògo wọn kò sì ju pé kí gbogbo ọmọ náà padà sílé wá jẹun alẹ́ lọ. Àwọn ni mo fẹ́ fi yẹ ìmọ̀ wa nípa akọni wò ní ìrọ̀lẹ́ òní.

2. Ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀

Ní Kánádà àti ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti wọ ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn ní ìgbà ooru, ọ̀pọ̀ òbí a máa fi ọmọ wọn ránṣẹ́ sí àgọ́. Etí adágún omi ni àgọ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà, láàárín igbó. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń kọ́ ìwẹ̀ odò, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n sì ń kọ́ bí a ṣe ń tu ọkọ̀. Àwọn òpìtàn a máa ka àgọ́ tí Frederick Gunn dá sílẹ̀ ní Connecticut ní ọdún 1861 mọ́ àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ní ọdún 1893 ni àgọ́ Keewaydin bẹ̀rẹ̀ ní Maine, kí ó tó ṣí lọ sí Adágún Temagami ní Ontario. Ní ọdún 1893 yìí kan náà ni ìjọba Ontario ya igbó Algonquin sọ́tọ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ lónìí lé ní 7,000 kìlómítà níbùú-lóròó. Fannie Case dá Northway Lodge sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ní ọdún 1906. Taylor Statten dá Ahmek sílẹ̀ ní Algonquin fún àwọn ọmọkùnrin ní ọdún 1921, a sì fi Wapomeo ti àwọn ọmọbìnrin kún un ní ọdún 1924.

Ìrìn-àjò ni ó sọ irú àgọ́ wọ̀nyí di ohun tí ó ju pápá ìṣeré lọ. Ó lè jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọkọ̀ tí wọ́n ń lò kò jọ èyí tí a fi odindi ìtì igi gbẹ́, irú èyí tí a mọ̀ ní Èpẹ́ àti ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Egungun igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Èèpo igi birch ni àwọn Anishinaabe àti àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ mìíràn fi ń bo egungun náà. Lẹ́yìn náà ni aṣọ líle tí a kùn lọ́dà rọ́pò èèpo igi, àwọn ohun èlò tuntun bíi Kevlar sì tẹ̀lé e. Fífúyẹ́ ọkọ̀ náà ni àṣírí rẹ̀. Adágún tí ó wà ní Ontario nìkan lé ní 250,000, ọ̀pọ̀ wọn kò sì so mọ́ ara wọn. Ibi tí omi bá tán sí, ẹnì kan yóò da ọkọ̀ náà dé orí èjìká rẹ̀ bí ẹni tí ó da igbá dé orí, yóò sì gbé e la igbó kọjá títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi kan omi mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kan wà níhìn-ín tí kò yẹ kí a fò. Ọmọ onílẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn afinimọ̀nà tí àwọn àgọ́ wọ̀nyí kọ́kọ́ lò. Àwọn ni wọ́n mọ ojú omi, wọ́n mọ ibi tí odò ti ń já àti ibi tí ilẹ̀ ti ṣeé sùn sí. Àwọn àgọ́ gba ìmọ̀ wọn, wọ́n mú nínú èdè wọn fi sọ ara wọn lórúkọ, àwọn kan tilẹ̀ ń fi ìyẹ́ ẹyẹ sórí ní alẹ́ láti fara wé wọn, àṣà tí ọ̀pọ̀ ti wá rí pé ó ti ni lójú, tí wọ́n sì ti pa tì. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Teme-Augama Anishnabai, àwọn onílẹ̀ Temagami, gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wọn dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Kánádà, ẹjọ́ náà kò dá wọn láre ní ọdún 1991, bí ilé-ẹjọ́ tilẹ̀ gbà pé ìjọba kò mú gbogbo ojúṣe rẹ̀ ṣẹ. Bí a bá fẹ́ yin aṣíwájú òde òní, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí ẹni tí ó fi ọ̀nà han àwọn tí ó kọ́ ọ.

3. Ohun tí aṣíwájú ń ṣe

Ta ni àwọn aṣíwájú wọ̀nyí? Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì pé ọmọ ọdún 25. Ọmọ àgọ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n di akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, wọ́n di igbákejì, kí a tó fi ọ̀wọ́ kan lé wọn lọ́wọ́. Owó tí wọ́n ń gbà kò tó nǹkan.

Mo mọ ohun tí yóò wá sọ́kàn yín. Àwa ni a ń sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Báwo ni a ó ṣe fi ọmọdé mẹ́fà tàbí méje lé ọmọ ogún ọdún lọ́wọ́ nínú aginjù? Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí òwe náà dáadáa. Ìlò ni í sọ aṣọ di àkísà. Ọmọ tí ó ti ń di àjẹ̀ mú láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí òjò ti pa, tí ẹ̀fọn ti jẹ, tí ọkọ̀ ti dà nù lẹ́ẹ̀mejì, ti ní àkísà tirẹ̀ kí ó tó pé ogún ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú ohun kan ṣoṣo yìí ni.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ sábà máa ń le sí i bí ọ̀sán bá ti ń pọ́n. Yóò wo ojú ọ̀run, yóò wo orí igi, yóò tẹ́tí sí omi. Yóò rí i pé ẹ̀wù tí í mú ènìyàn léfòó wà lọ́rùn ọmọ kọ̀ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ yóò jókòó sí ìdí ọkọ̀, níbi tí a ti ń darí rẹ̀. Bí ènìyàn bá ń wa omi ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọkọ̀ yóò máa yà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Nítorí náà, bí àjẹ̀ bá ti dé ẹ̀yìn, ọlọ́gbọ́n atukọ̀ yóò yí ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀, yóò ti omi síta, ọkọ̀ yóò sì máa lọ tààrà bí ẹni pé kò sí ohun tí a ṣe sí i. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ó gbọ́dọ̀ fi oúnjẹ pamọ́ fún béárì, kí ó wo ẹsẹ̀ tí bàtà ti bó, kí ó sì jókòó ti ọmọ tí àárò ilé ń sọ, tí kò fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé òun ń sunkún. Ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ ìtọ́jú aláìsàn nínú aginjù, èyí tí ó máa ń tó 70 wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé dókítà lè wà ní ìrìn ọjọ́ méjì sí wọn. Ní Algonquin àti ní agbègbè Boundary Waters ti Minnesota, òfin kò gbà kí ó ju ènìyàn mẹ́sàn-án lọ kí wọ́n pàgọ́ sójú kan. Nítorí bẹ́ẹ̀, orí tí aṣíwájú ní láti máa kà kò pọ̀. Ṣùgbọ́n a máa kà wọ́n ní ìgbà tí kò lóǹkà lójúmọ́.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni bí iṣẹ́ náà ṣe ń parí. Ní ọjọ́ kìíní, aṣíwájú ni ó ń dá iná, òun ni ó ń ka máàpù, òun ni ó ń pàṣẹ. Bí ọjọ́ ti ń lọ, yóò máa fi iṣẹ́ wọ̀nyí sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, bí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ ni yóò máa tu ọkọ̀, òun yóò jókòó sí àárín bí ẹrù. Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kí wọ́n má nílò òun mọ́. Àṣẹ kan ṣoṣo ni kò ní fi sílẹ̀ títí wọn yóò fi gúnlẹ̀: àṣẹ láti sọ pé, “A kò lọ.”

4. Adágún Timiskaming, 1978

Kí a lè mọ ìtumọ̀ àṣẹ yẹn, mo ní láti mẹ́nu ba ohun ìbànújẹ́ kan. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1978, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọkùnrin kan ní Ontario kó ọmọ 27 àti aṣíwájú 4 sínú ọkọ̀ mẹ́rin lórí Adágún Timiskaming, ní ààlà Ontario àti Quebec. James Bay ni wọ́n ń lọ, ọjọ́ kìíní ìrìn-àjò náà sì ni. Ilé-ẹ̀kọ́ náà gbà pé ìnira ni í sọ ọmọ di ọkùnrin. Afẹ́fẹ́ dìde. Ọkọ̀ kan dojú dé, àwọn tí wọ́n fẹ́ gbà wọ́n là náà sì bọ́ sínú ewu kan náà. Ọmọ méjìlá àti aṣíwájú kan kò padà sílé.

Ẹ̀wù tí í mú ènìyàn léfòó wà lọ́rùn wọn. Òtútù omi ni ó pa wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gordon Giesbrecht ti Yunifásítì Manitoba ti fi ìwádìí rẹ̀ kọ́ aráyé pé ẹni tí ó bá bọ́ sínú omi dídì ní bí ìṣẹ́jú kan láti fi kó èémí rẹ̀ jọ, ó ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi lè ṣiṣẹ́, ó sì ní bí wákàtí kan kí òtútù tó mú un dákú. Àwa tí a dàgbà sí ilẹ̀ olóoru kò mọ̀ pé omi lè pani láìjẹ́ pé ó bo orí ẹni.

Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni a sọ̀rọ̀ nípa àárẹ̀ àwọn ọmọ náà, nípa àìní ìrírí àwọn kan tí ń darí ọkọ̀, àti nípa àìsí ètò ìdáǹdè tí ó múná dóko. James Raffan kọ odindi ìwé kan, Deep Waters, lórí rẹ̀ ní ọdún 2002. Bí ará iwájú bá jìn sí kòtò, ará ẹ̀yìn a kọ́gbọ́n. N kò mú ọ̀rọ̀ yìí wá láti dá òkú lẹ́bi. Mo mú un wá kí a lè rí i pé ìgboyà àti ìfaradà, àwọn ìwà tí a fi ń yin akọni, pọ̀ nínú ọkọ̀ mẹ́rin yẹn. Ohun tí wọn kò rí gbà ni ohùn kan tí yóò sọ pé kí wọ́n yà sí èbúté.

5. Ọjọ́ méjì ní etí omi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi wàyí. Ní ọdún 1997, nígbà tí mo ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé mi ní Ontario, owó tán lọ́wọ́ mi. Àgọ́ kan gbà mí fún oṣù méjì kí n máa pa àlọ́ Ìjàpá fún àwọn ọmọ lẹ́bàá iná. Ọmọ Èkìtì ni mí. Omi tí mo mọ̀ kò ju èyí tí a ń pọn sínú ìkòkò lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ní kí n bá ọ̀wọ́ kan lọ sí ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ mẹ́fà. Ọmọ mẹ́fà, aṣíwájú méjì, èmi ni ẹnì kẹsàn-án. Ọmọbìnrin ọmọ ogún ọdún ni aṣíwájú wa àgbà. Èmi ti pé 28.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, a dé etí adágún ńlá kan tí a ní láti là kọjá. Ìgbì ń fọ́ funfun lórí rẹ̀. Ọmọbìnrin náà wò ó títí, ó ní a kò lọ. Ilẹ̀ ọjọ́ karùn-ún mọ́, ìgbì ṣì ń fọ́. Oúnjẹ àlékún ọjọ́ kan péré ni a gbé, a sì bẹ̀rẹ̀ sí wọn ìrẹsì. Èmi ní ìpàdé pẹ̀lú olùdarí iṣẹ́ mi ní Toronto ní ọjọ́ keje, mo sì ti ń bẹ̀rù pé ẹnu yóò kùn mí. Ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún yẹn, afẹ́fẹ́ rọ̀ díẹ̀. Mo dìde níwájú àwọn ọmọ, mo ní èmi ni mo dàgbà jù níhìn-ín, mo ní omi ti rọ̀, mo ní kí a máa lọ.

Kò bá mi jiyàn. Ó fi orúkọ pè mí gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, ó sì bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta. Nínú ọmọ mẹ́fà wọ̀nyí, ta ni kò mọ odò wẹ̀ tó àwọn yòókù? Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá dà nù láàárín, ọkọ̀ wo ni yóò gbé e? Etí omi tí ó wà lọ́hùn-ún, òkúta ni tàbí iyanrìn? N kò mọ ọ̀kankan. Ó ní, “Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ wá sọ fún mi.” Èdè wọn kò ní “o” àti “ẹ”; ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé “ẹ” ni ó wà nínú ohùn rẹ̀. Ó wá rán èmi àti ọmọ tí ó kéré jù lọ láti lọ ṣẹ́ igi.

Ní aago mẹ́rin òwúrọ̀ ọjọ́ keji, ó jí wa. Adágún náà tẹ́ bí awo. A là á kọjá láàárín nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. A fi ọjọ́ kan pẹ́ dé àgọ́, ìpàdé mi yẹ̀, olùdarí mi sì dá ọjọ́ mìíràn. Kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, títí di òní n kò mọ̀ bóyá a ì bá là á já ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún. Ó ṣeé ṣe kí a là á já. Kò sí ìjì kan tí ó jà ní alẹ́ yẹn láti dá ọmọbìnrin náà láre. Ibi tí ìwà ìṣọ́ra ti nira ni èyí: ẹni tí ó fi ara wewu tí ó sì yè, a pàtẹ́wọ́ fún un, ẹni tí ó dúró, kò lè fi ewu tí kò dé han ẹnikẹ́ni.

Ó ní ìwé kékeré kan tí ó ń kọ ìrìn-àjò sí lálaalẹ́. Mo rí ojú ìwé náà kí n tó kúrò ní àgọ́. Ọjọ́ kẹrin: “Afẹ́fẹ́. A dúró.” Ọjọ́ karùn-ún: “Afẹ́fẹ́. A dúró. Olùkọ́ wa pa àlọ́ mẹ́ta.” Kò kọ ohun tí mo ṣe sí i níwájú àwọn ọmọ.

6. Ìtàn tí a kì í sọ

Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Lítíréṣọ̀ ọkọ̀ àjẹ̀ kò kéré. Pierre Trudeau, tí ó di olórí ìjọba Kánádà ní ọdún 1968, ti kọ àròkọ kan ní ọdún 1944 tí ó fi yin bí irú ìrìn-àjò yìí ṣe ń wẹ ọkàn ènìyàn mọ́. Sigurd Olson, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe afinimọ̀nà ní Minnesota, gbé The Singing Wilderness jáde ní ọdún 1956. Bill Mason, tí ó kú ní ọdún 1988, fi fíìmù àti ìwé kọ́ aráyé ní ìtukọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Lójú tèmi, igbó, omi àti ọkàn atukọ̀ ni wọ́n ń yìn jù. Ẹni tí ń ka orí àwọn ọmọ kò fi bẹ́ẹ̀ rí ààyè nínú orin náà.

Ṣé àwa sàn jù? Fágúnwà kó àwọn ọdẹ jọ lọ sí Òkè Láńgbòdó nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1938. Láti ọdún wọ̀nyí tí mo ti ń kọ́ni ní ìwé náà, Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń fẹ́ kọ àròkọ lé lórí. Ìmọ̀dòye wà láàárín wọn, ọgbọ́n sì ni iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ kan yàn án. N kò dá wọn lẹ́bi. Kùmọ̀ rọrùn láti rí ju ọgbọ́n lọ.

Síbẹ̀ àwọn baba wa kò ṣàìmọ̀. Àwọn ni wọ́n sọ pé jagunjagun tí ó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bógun lọ. Ohun tí òwe mọ̀, ìtàn kò tíì mọ̀ ọ́n sọ tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ìwé kékeré ọmọbìnrin yẹn sí ẹgbẹ́ àwọn ìwé tí mo kà sí pàtàkì. “Afẹ́fẹ́. A dúró.” Kò sí ìfìwàwẹ̀dá níbẹ̀, kò sí ẹwà èdè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó rí oúnjẹ tí ń tán, ẹ ó rí ọmọ mẹ́fà tí ara wọn kò balẹ̀, ẹ ó sì rí àgbàlagbà kan tí ń fi ọjọ́ orí halẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni ó kó gbogbo èyí mọ́ra, tí ó sì fi gbólóhùn méjì bò ó. Iṣẹ́ wa, àwa tí a ń ka ìwé fún aráyé, ni láti kọ́ bí a ṣe ń ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀.

7. Ìkádìí

Olùkọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa níhìn-ín, òbí sì ni àwọn yòókù. Ọmọ ọlọ́mọ wà nínú ọkọ̀ wa. Mo fẹ́ kí a máa bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta tí ọmọbìnrin yẹn bi mí: ta ni kò lágbára tó nínú wọn? Ta ni yóò gbé e bí ó bá ṣubú? Irú èbúté wo ni a ń kó wọn lọ? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kí ó má fi ọjọ́ orí pàṣẹ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

N kò rí i mọ́ láti ọdún 1997. Àwọn ọmọ mẹ́fà yẹn yóò ti lé ní ẹni ọdún 35 báyìí. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbàgbé ọjọ́ méjì tí a fi jókòó sí etí omi, nítorí kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbàgbé, a jẹ́ pé ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Èmi ni n kò gbàgbé, mo sì ti wá sọ ọ́ fún yín.